Ọjọ́ Keje

Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú ní Oulu.
Mo tan iná kékeré abẹ́ awò amóhun-tóbi,
mo fa àga mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkú.

Ọpọlọ ọmọ ẹlírí ni, ọmọ ọjọ́ méje,
a gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ,
a rẹ ẹ́ sínú aró kí ikú lè hàn:
sẹ́ẹ̀lì tó bá ń kú lọ á pọ́n bí ẹyin iná,
èyí tí yóò yè á dúdú, á dákẹ́.
Mọ́kànlá. Méjìlá. Èyí ń súnkì lọ́wọ́.
Àtàǹpàkò mi ń tẹ ẹ̀rọ òǹkà,
ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́,
bí èékánná ìyá tó ń pa iná orí ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí, ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn,
mo rò pé àrùn ni mò ń wò.
Mo bi Sirkku pé, "Kí ló pa wọ́n?"
Ó ní, "Kò sóhun tó pa wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni."
Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó ṣàlàyé:

pé ọpọlọ a máa bí ju iye tó lè bọ́ lọ;
pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a na ọwọ́ sínú òkùnkùn,
a máa wá ẹni tí yóò dá a lóhùn.
Èyí tó bá rí olùdáhùn ti rí oúnjẹ.
Èyí tí kò rí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀
tó gbé wáyé, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ:
á ká ara rẹ̀ kò bí aṣọ ìbora,
á já okùn ìwà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́,
á fi àmì sára awọ rẹ̀ pé, "Ẹ wá jẹ mí,"
aládùúgbò á sì wá, á gbé e mì.
Kò sí egbò. Kò sí òórùn. Kò sí isà.

Igbó ni Eemeli baba mi ń tọ́jú, lápá Puolanka.
Á bẹ́ igi páínì kéékèèké mẹ́ta kí ọ̀kan lè ga,
èmi á máa tẹ̀lé e, mà á máa sunkún àwọn tó ṣubú.
Mo ti fi èyí ṣe àkàwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí,
mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.
Igi kò bẹ́ ara rẹ̀.

Àwọn ẹlírí kan wà ní yàrá kejì
tí Sirkku ti yọ ọ̀rọ̀ yẹn lára wọn látinú oyún.
Gbogbo ohun tí orí wọn bí ló yè.
Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn,
ṣùgbọ́n bí mo bá gbé wọn sórí ọ̀pá tó ń yí,
ẹsẹ̀ wọn ò mọ èyí tí yóò ṣíwájú.

Lánàá, mo lọ wo ọmọ Tuulikki. Ó pé ọjọ́ méje.
Kò tíì lórúkọ, a kì í kánjú níbí;
Nyytti là ń pè é, ìdì kékeré.
Àwùjẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lábẹ́ ìka mi.
Àtàǹpàkò mi fẹ́ máa kà.
Ó lajú, ó wá ibi tí ohùn mi ti ń bọ̀,
kò rí i, ó tún wá a.
Ni mo bá ń sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá wá sẹ́nu:
iye tí wọ́n ń ta ẹja, yìnyín orí afárá,
orúkọ gbogbo ajá tí baba mi sìn.
Tuulikki ní, "Ìyá, ẹ sinmi, kò tíì gbédè."
Mi ò sinmi.
Ọ̀kan lè wà nínú ibẹ̀ tó ṣì nawọ́,
tó kù díẹ̀ kó ká ara rẹ̀ kò.

Lónìí, irinwó ó lé mẹ́ta.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo nu gíláàsì náà.
Wọn ò ní kí n ka àwọn tó yè.
Ó ku gíláàsì mẹ́sàn-án.